Òfin Kẹrin ní Kíláàsì Karùn-ún

Inú ti ń bí Tíṣà kó tó dé ẹnu géètì ilé-ìwé lọ́jọ́ ìwọlé. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá ilé-ìwé tuntun ti fi ìwé kan ránṣẹ́ sí gbogbo olùkọ́, ojú ewé méjì gbáko, òfin mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìjìyà sì tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí òjìji. Ẹni tó bá pariwo, kó kúnlẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé iṣẹ́ àṣetiléwá, kó kúnlẹ̀. Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè láìnawọ́ sókè, kó kúnlẹ̀. Nígbà tí Tíṣà ka ìkúnlẹ̀ dé ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, ó ju ìwé náà sórí àga, ó sì wí fún ọkọ rẹ̀ pé, "Àbí orúnkún àwọn ọmọ yìí ló fẹ́ ká kọ́ níwèé, tí kì í ṣe orí wọn?"

Ọkọ rẹ̀, tó ń tún rédíò oníbàárà kan ṣe, kò gbójú sókè. "Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kó o máa ṣe tìẹ lọ."

"Mi ò lẹ̀ ẹ́."

"Mo ti mọ̀."

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni obìnrin yìí ti fi ń kọ́ kíláàsì karùn-ún. Àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ti di ìyá ọmọ, wọ́n ti di awakọ̀, wọ́n ti di nọ́ọ̀sì. Orí ọ̀kan nínú wọn ti ń pá. Kògbagbẹ̀rẹ́ ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè é lẹ́yìn. Ó mọ̀, ó kàn ń dití sí i ni, torí orúkọ náà dùn mọ́ ọn nínú. Kì í fàyè gba ìwàkuwà. Ṣùgbọ́n òun kì í wọ kíláàsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú òfin lọ́wọ́. Ńṣe ló máa ń bi àwọn ọmọ léèrè, wọn a jọ jókòó, wọn a jọ jiyàn, wọn a jọ fẹnu kò. Ó ní ọmọdé lè gbàgbé òfin tí wọ́n kọ fún un, àmọ́ èyí tó bá jà fún, kì í gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀gá pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, bàtà rẹ̀ ń dán, ó sì ń rìn bí ẹni tó ń ka ìṣísẹ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ ti lẹ ìwé òfin yẹn mọ́ ògiri?"

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Mo ti kà á."

"Kíkà kọ́ ni mo béèrè, mà."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ná. Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu wọn."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí èèyàn ń rín sí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. "Tẹnu wọn kẹ̀? Ọmọdé mà ni wọ́n, mà. À ń sọ fún ọmọdé ni, a kì í bi í."

Tíṣà gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Àbúrò rẹ̀ tó kéré jù lọ gan-an dàgbà ju ọkùnrin yìí lọ. Ó ní, "Mo ti gbọ́, ọ̀gá," ó sì kọjá sí kíláàsì rẹ̀.

Ọmọ méjìlélógójì ló ń dúró dè é. Ó kí wọn, ó ní kí wọ́n jókòó, ó sì kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sójú pátákó: Kí ni o kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe sí ọ nínú yàrá yìí?

Wọ́n kọ́kọ́ ń wo ara wọn. Ọmọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní, "Kí wọ́n má jí pẹ́ńsùlù mi." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló sì tú wọn lẹ́nu. Ọ̀kan ní kí ẹnì kan má sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹlòmíràn bá ń sọ tiẹ̀. Òmíràn ní bí nǹkan kò bá yé èèyàn, kó lè béèrè lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n má sì fi rẹ́rìn-ín. Báyìí ni wọ́n ṣe dé orí òfin kẹta. Nígbà náà ni ọmọbìnrin kan nawọ́ láti ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ kì í sábà kọjá ètè rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é.

"Kí ẹnikẹ́ni má fi ilé ẹlòmíràn bú u."

Tíṣà ní, "Ṣàlàyé rẹ̀ fún wa."

"Bí ilé ẹnì kan bá rí bákan. Tàbí iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń ṣe. Kí wọ́n má máa fi ṣe yẹ̀yẹ́."

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ìyá Jẹ́jẹ́ ló ń gba ilẹ̀ ilé-ìwé, tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Tíṣà kọ ọ́ sójú pátákó, òfin kẹrin.

Ọmọ tó wá sọ ìkarùn-ún ni ọmọ Alága. Alága ẹgbẹ́ òbí ni bàbá rẹ̀, ọkùnrin tó ń ta táyà ọkọ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta lójú pópó kan náà. Orí ọmọbìnrin náà pé, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. "Ṣé àwa nìkan lòfin yìí máa mú ni? Ṣé ó mú Tíṣà náà?"

Àwọn yòókù di ẹnu mú. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tíṣà. "Ó mú mi. Kọ ọ́ síbẹ̀: òfin yìí mú Tíṣà náà."

Ó wá ku ìjìyà. Ọmọ kan ní kí ẹni tó bá rú òfin gba ilẹ̀ kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ kan. Tíṣà rí i tí Jẹ́jẹ́ tẹ orí ba. "Ilẹ̀ gbígbá kì í ṣe ìjìyà níbí," ló wí. "Iṣẹ́ ni. Ẹ mú òmíràn wá." Wọ́n jiyàn títí wọ́n fi fẹnu kò pé ẹni tó bá rú òfin yóò dúró níwájú gbogbo èèyàn, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe, yóò bẹ ẹni tó ṣẹ̀, kò sì ní jáde síta nígbà ìsinmi ọjọ́ náà. A kò ní fi ipá mú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ láti gba ẹ̀bẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sórí páálí funfun ńlá, ọmọ méjìlélógójì fọwọ́ sí i, Tíṣà fọwọ́ sí i, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìwé ọ̀gá wà nínú àpótí tábìlì Tíṣà, lábẹ́ rúlà.

Ọjọ́ kẹta, lásìkò tí wọ́n ń yàwòrán, ìyá Jẹ́jẹ́ gbé péèlì omi kọjá lẹ́bàá fèrèsé. Ọmọ Alága gbé ohùn sókè, ó ní, "Jẹ́jẹ́, ìyá ẹ ló ń lọ yẹn o. Tètè dìde, kó o lọ bá a fọ ṣáláńgá. Iṣẹ́ tó o máa jogún nìyẹn, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ."

Ìdajì kíláàsì rẹ́rìn-ín. Níta, péèlì dúró. Ó dúró ní ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ó tún ń lọ.

Ẹ̀jẹ̀ ru sórí Tíṣà, àmọ́ ó ki ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò pariwo, kò na ọmọ. Ó kàn fi ìka tọ́ka sí ògiri. Ọmọ Alága dìde pẹ̀lú ìpòṣé, ó jáde síwájú, ó sọ ohun tó ṣe bí ẹni tó ń ka ìwé tí kò wù ú, ó ní kí Jẹ́jẹ́ má bínú. Jẹ́jẹ́ ní, "Mo ti gbọ́." Nígbà ìsinmi, ọmọ Alága jókòó sínú kíláàsì, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá bẹ́ǹṣì. Tíṣà rò pé ó ti parí.

Ó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́sàn-án lù lọ́jọ́ kejì nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí gbàà. Alága ló wọlé, kò kan ilẹ̀kùn, ọ̀gá sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ọmọ méjìlélógójì dìde láti kí wọn. Alága kò dáhùn.

"Ìwọ ni tíṣà tó ń fi ọmọ mi ṣẹ̀sín nítorí ọmọ agbálẹ̀?"

"Ẹ káàárọ̀, sà," Tíṣà wí. "Ẹ jẹ́ ká bọ́ síta sọ ọ́."

"Níta báwo? Ṣé ìta lo ti dójú ti ọmọ mi ni?"

Ọ̀gá ti rí páálí lára ògiri. Ó ń kà á, ojú rẹ̀ sì ń le sí i. "Mà, kí lèyí? Òfin yìí mú Tíṣà náà? Ta ló fún yín láṣẹ? Níbo lẹ gbé ìwé tí mo fún yín sí?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó fa páálí náà ya. Ìró rẹ̀ gbalẹ̀ kan, fàààà, orúkọ àwọn ọmọ sì pín sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Tíṣà ń gbọ́ ohùn Alága bí ìgbà tí wọ́n ń lu agolo: agbálẹ̀, agbálẹ̀ ni, kí kálukú mọ ìwọ̀n ara ẹ̀, àwọn tí kò rí jẹ kò lè wá kọ́ ọmọ òun bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ilé mi ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ mi níwà," ló wí, ó ń na ìka sójú Tíṣà. "Kì í ṣe ibí yìí. Ilé mi!"

"Ilé yín?" Tíṣà kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ là. "Ilé tí ìyá ọmọ ti kó ẹrù jáde ní gbangba ìta, tí kò wẹ̀yìn wò? Bí ìwà bá wà nílé yín ni, ṣebí ìyá ọmọ yìí ì bá ṣì wà níbẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ náà bá a. Alága fa ìka rẹ̀ sẹ́yìn. Ká má parọ́, ó dùn mọ́ Tíṣà. Ó dùn mọ́ ọn bí omi tútù nínú oòrùn, fún ìṣẹ́jú kékeré kan.

Lẹ́yìn náà ló bojú wo ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọmọ Alága kò sunkún. Ó tẹ orí ba, ó ń kó bírò rẹ̀ sínú àpò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n ti ní kó máa lọ sílé. Etí rẹ̀ méjèèjì pọ́n. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà ti rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ọmọdé ṣe máa ń ṣe nígbà tí ojú bá ń ti wọ́n fún ẹlòmíràn.

Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀. Tíṣà wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ohun tí òun sọ.

"Ẹ bẹ Alága, mà," ni ọ̀gá ń wí. "Ní báyìí. Lójú àwọn ọmọ."

"Mi ò ní bẹ Alága."

Ó rìn lọ dúró síwájú pátákó, níbi tí ọmọbìnrin náà ti dúró lánàá.

"Mo ti rú òfin kẹrin," ó wí fún kíláàsì. "Mo fi ilé ọmọ kan bú u lójú gbogbo yín." Ó kọjú sí ọmọ Alága. "Bàbá rẹ ni mo ń bá jà, ìwọ ni mo sọ òkò bà. Ìyá rẹ kì í ṣe ohun tó yẹ kí n mú jà. Àgbà ni mí, mo mọ̀ ọ́n, mo sì ṣe é. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè. Ojú rẹ̀ gbẹ táútáú.

"Mi ò gbà."

"Ó káre!" ni bàbá rẹ̀ kígbe. "Má gbà!"

"Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti má gbà," Tíṣà wí, ó sì kọjú sí Alága. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà? Ìyá kan wà lẹ́yìn fèrèsé yẹn tí ẹ ti ń bú láti ìgbà tí ẹ ti wọlé. Ṣé òun kì í ṣe ìyá ẹni?"

Gbogbo ojú yí síbẹ̀. Ìyá Jẹ́jẹ́ dúró níta lóòótọ́, ọwọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alága pòṣé, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó jáde. Ọ̀gá dúró díẹ̀ sí i. "Ẹ máa rí ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ gbà lọ́dọ̀ mi kí iṣẹ́ tó parí lónìí," ló wí. Ó sì mú páálí yíya náà lọ.

Nígbà ìsinmi, Tíṣà kò jáde. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, orúnkún rẹ̀ ń kan tábìlì. Ó ń bínú sí Alága, ó ń bínú sí ọ̀gá, èyí tó wá burú jù ni ìbínú tó ń bí sí ara rẹ̀, torí kò rí ibi tó máa dà á sí. Ibẹ̀ ni ìyá Jẹ́jẹ́ bá a.

Tíṣà rò pé ó wá dúpẹ́ ni.

"Tíṣà, ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́?"

"Ìyá Jẹ́jẹ́..."

"Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbá ilẹ̀ yìí. Èébú wọn ò tuntun létí mi. Mo máa ń gbọ́ ọ, mo máa ń gbé péèlì mi, mo máa ń lọ. Ẹ̀yin wá nàka sí mi lẹ́yìn fèrèsé bí ẹni ń nàka sí olè. Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí báyìí. Ó ní kí n má wá mọ́ láti ọ̀la. Ó ní èmi ni mò ń kó ìjà wọ ilé-ìwé." Ohùn rẹ̀ já. "Ẹ ti jà fún mi tán. Ẹ kú iṣẹ́."

Ó gbé ọwọ̀ rẹ̀, ó jáde.

Nírọ̀lẹ́, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀ nídìí tábìlì tí rédíò kún. Ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ wà níwájú rẹ̀. Ó sọ gbogbo ẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́, títí kan bó ṣe dùn mọ́ òun.

"Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Báwo lo ṣe fẹ́ dá wọn lóhùn?"

"Mo fẹ́ sọ fún wọn pé àpọ́nlé ò sí lára ọ̀gá yẹn, pé òmùgọ̀ ni, pé..."

"Ìyẹn á mú obìnrin yẹn padà sẹ́nu iṣẹ́?"

Ó wò ó bíi kó jù ú ní rédíò kan. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé mìíràn jáde. Ó kọ ẹ̀bi tirẹ̀ sókè, láìfi bò: ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an, lójú ọmọ mélòó, nípa ìyá ta ni. Ó ní ìjìyà tó bá yẹ kí wọ́n fi jẹ òun, kí wọ́n fi jẹ òun. Ó wá kọ ìbéèrè kan sísàlẹ̀ rẹ̀: ẹ̀ṣẹ̀ wo ni agbálẹ̀ ilé-ìwé ṣẹ̀, tí wọ́n fi dá a dúró láìkọ ìwé sí i? Ó ṣe ẹ̀dà kan fún ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó gbé e wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, ó fi han àwọn olùkọ́ yòókù. Mẹ́ta ní àwọn ní ọmọ tí àwọn ń tọ́, kí ó má fi àwọn sí i. Kò bá wọn jà. Mẹ́jọ fọwọ́ sí i. Nígbà tí ọ̀gá kà á tán, ó ní, "Mà, ẹ fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ fún mi ni?"

"Ẹ ti ba ti ẹlòmíràn jẹ́, ọ̀gá. Ẹ kò sì bi òun náà léèrè kí ẹ tó ṣe é."

Tíṣà kò bẹ̀ ẹ́, kò sì jókòó. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́yìn tí ẹnì kan wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, tó jókòó ti ọ̀gá fún odindi wákàtí méjì, ìyá Jẹ́jẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Tíṣà náà gba ìwé ìkìlọ̀, wọ́n fi í sínú fáìlì rẹ̀. Ó ní ìdajì rẹ̀ tọ́ sí òun, ìdajì yòókù kí ọ̀gá wá gbà. Òfin mọ́kànlélọ́gbọ̀n wà lára ògiri báyìí, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló wá lẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀. Ìyá Jẹ́jẹ́ ń kí Tíṣà láràárọ̀, "Ẹ káàárọ̀ o," kì í sì dúró.

Ọmọ Alága padà wá ní tirẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, bí Tíṣà bá bi í ní ìbéèrè, á dáhùn, èsì rẹ̀ á sì tọ̀nà, àmọ́ kì í wo ojú rẹ̀. Tíṣà kò fipá mú un. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

"Irọ́ lẹ pa," ló wí.

Tíṣà gbé bírò sílẹ̀.

"Ìyá mi ò kó ẹrù jáde ní gbangba. Ìdájí ni. Èmi ni mo bá a gbé báàgì kan dé ibùdókọ̀. Ó wẹ̀yìn wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wẹ̀yìn wò, mo kà á."

"Mi ò mọ̀," Tíṣà wí. "Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ aráyé ni, mo sì gbé e sọ bí ẹni tó wà níbẹ̀." Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí n sọ fún kíláàsì pé irọ́ ni mo pa?"

Ọmọbìnrin náà ro ó. Imú rẹ̀ ń wú, ó ń bínú síbẹ̀, ó sì hàn pé ó ti ń kó ọ̀rọ̀ náà kiri fún ọjọ́ pípẹ́.

"Rárá. Wọn ò nílò kí wọ́n mọ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ mọ̀."

Ó fa àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn náà dé gbàà lẹ́yìn ara rẹ̀. Tíṣà kò pè é padà.